Ìtàn tó wà nínú géèmù ìbọn: àlàyé fún ẹni tí kì í gbá géèmù

Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Àgbálatà kọjá ní Àgbádárìgì lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tí ó sì yà sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá géèmù, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìró ìbọn láti inú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò lójú ẹsẹ̀ ni pé ìbọn yíyìn nìkan ló wà níbẹ̀, pé ọmọ kan di páàdì mú, ó ń pa ẹ̀dá orí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá dúró díẹ̀ sí i, ó lè rí ohun tí kò retí. Ẹni tí ń yìnbọn lẹ́ẹ̀kan yóò ṣàdédé dáwọ́ dúró, yóò dojú kọ ẹ̀dá kan tí ń bá a sọ̀rọ̀, àwọn àbúrò tó jókòó tì í yóò sì máa pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì lọ, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán!” Ìtàn ni wọ́n ń gbọ́. Bí ìtàn ṣe dé inú irú eré bẹ́ẹ̀, àti bí ẹ̀dá orí ẹ̀rọ ṣe lè jọ ènìyàn gidi lójú ọmọ tó mọ̀ dájú pé kì í ṣe ènìyàn, ni ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, òun náà ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú géèmù tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, òkè ni a ti ń wo pápá, a sì ń rí ẹni tí a ń darí láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù. Nínú géèmù ìbọn tí mo ń sọ yìí, a kì í rí ẹni tí a ń darí, nítorí ojú rẹ̀ gan-an ni a fi ń ríran. Ọwọ́ méjì àti ìbọn ló máa ń hàn nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Bí a bá fi páàdì yíjú sí òsì, orí ẹni náà ti yí sí òsì nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gba ẹ̀yìn wọlé, a kò ní í rí i àfi tí a bá bojú wẹ̀yìn. Ohun kékeré ni èyí jọ, ṣùgbọ́n òun ló mú kí iṣẹ́ asọ̀tàn le. Nínú sinimá, olùdarí ló ń yan ohun tí a ó wò: ó lè fi ojú ìyá tí ń sunkún hàn wá, kí ó tó wá fi ọmọ tí ń bọ̀ lọ́nà hàn wá. Nínú géèmù, ẹni tó di páàdì mú ló ni ojú. Ìyá náà lè máa sunkún títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú, kí ẹni tí a fẹ́ kí ó rí i máa wo àjà ilé. Gbogbo ọgbọ́n tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ìṣòro yìí ni wọ́n dá lé: báwo ni a ṣe ń sọ ìtàn fún ẹni tí a kò lè fipá mú wo ohunkóhun?

Nígbà tí irú géèmù yìí kọ́kọ́ gbajúmọ̀, àwọn tó ń ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Doom, tí ilé-iṣẹ́ id Software gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993, ní ìtàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọ̀rọ̀ tí a ń kà lójú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí a bá parí ìpín kan ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ìbọn wà lọ́tọ̀, ìtàn wà lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á lè fò ó, eré rẹ̀ kò sì ní í dí nítorí ìyẹn. Èrò tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní nípa géèmù ìbọn títí di òní, ti ìgbà yẹn ló bá mu.

Ọdún 1998 ni nǹkan yí padà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Valve gbé Half-Life jáde. Wọ́n gba Marc Laidlaw, tó jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, síṣẹ́, wọ́n sì pinnu pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò ní í kúrò nínú ojú Gordon Freeman, onímọ̀ físíìsì ọmọ ọdún 27 tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí kan tí wọ́n pè ní Black Mesa ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wa nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Inú ọkọ̀ kékeré kan tó ń gba ojú irin lọ ni a wà, ó ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́ bí ó ti ń ṣe lójoojúmọ́. A lè rìn nínú ọkọ̀ náà, a lè wo ọ̀tún, a lè wo òsì. A rí ẹ̀ṣọ́ kan tí ilẹ̀kùn tì mọ́ta tó ń kànkùn. A rí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ẹrù. A ń gbọ́ ohùn kan tó ń ka òfin ibi iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìrìn yìí gbà, kò sì sí ọ̀tá kan ṣoṣo níbẹ̀. Nígbà tí a dé, ẹ̀ṣọ́ tó wá pàdé wa kí wa káàárọ̀, ó sì sọ pé a ti pẹ́ dé. Àwọn onímọ̀ tí a ń kọjá lára wọn mọ orúkọ wa. Kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ti ní iṣẹ́, a ti ní ọ̀gá, a ti ní àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí a wọ aṣọ ààbò, kí a wọnú yàrá àyẹ̀wò, kí a sì ti kẹ̀kẹ́ tó gbé òkúta abàmì kan sínú ìtànṣán ẹ̀rọ. Ọwọ́ ara wa ni a fi tì í. Láti ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, tí ibùdó náà fi wó, tí àwọn ẹ̀dá láti ayé mìíràn sì ya wọlé. Lójú tèmi, títì kẹ̀kẹ́ yẹn wà lára ohun tó lọ́gbọ́n jù lọ nínú ìtàn géèmù. Ká ní sinimá ni, Gordon ni a ó máa dá lẹ́bi. Níbí, kò sí Gordon kankan níwájú wa láti dá lẹ́bi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àti onímọ̀ tí a bá nílẹ̀ ní òkú nígbà tí a padà gba ọ̀nà tí a bá wá, àwọn tó kí wa ní àárọ̀ ni.

Nígbà tí asọ̀tàn kò bá sí, ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé Àgbádárìgì. Ẹni tó bá wọ Ilé Sèríkì Abass, tí wọ́n tún ń pè ní Brazilian Baracoon, yóò bá ara rẹ̀ nínú yàrá tóóró kan tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Nígbà tí ẹni tó ń mú àlejò yí ilé ká bá sọ pé 40 ènìyàn tí wọ́n fẹ́ tà lẹ́rú ni wọ́n ń kó sínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn gba ojú ọ̀sà kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fú, kò sí ohun tó kù láti ṣàlàyé nípa ìyà, nítorí àlejò náà ti dúró nínú yàrá ọ̀hún, ó ti rí bí ògiri ṣe súnmọ́ ògiri, ooru ibẹ̀ ti mú un. Mi ò fi ìyà àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wé eré. Ọ̀nà tí ilé náà ń gbà sọ̀rọ̀ ni mo ń tọ́ka sí, pé ó jẹ́ kí ara ẹni mọ̀ kí etí tó gbọ́, nítorí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn géèmù tó dára jù lọ ń wá.

BioShock, tó jáde ní 2007, lò ó ju ọ̀pọ̀ lọ. Ìlú kan tí wọ́n kọ́ sí ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rapture, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin olówó kan, Andrew Ryan, ló tẹ̀ ẹ́ dó fún àwọn tí kò fẹ́ kí ìjọba tàbí ẹ̀sìn máa pàṣẹ fún wọn. Ọdún 1960 ni a dé ibẹ̀, ìlú náà sì ti bàjẹ́. Omi ń jò láti ara ògiri, àwọn tó kù níbẹ̀ ti ya wèrè. Ẹnikẹ́ni kò jókòó tì wá láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ni a wọ̀, a rí àkọlé tí wọ́n fi kí ọdún 1959 káàbọ̀, ìbòjú àríyá wà nílẹ̀, ohun ọ̀ṣọ́ ṣì so rọ̀, gbogbo ibẹ̀ sì ti di àlàpà. Ẹni tó bá lajú rẹ̀ yóò ti mọ̀ pé òru àìsùn ọdún tuntun ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Káàkiri ìlú náà ni a tún ti ń rí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kéékèèké tí àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ sí kí nǹkan tó bàjẹ́: dókítà kan ń fọ́nnu nípa iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ìyá kan ń sọ nípa ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti sọ di ohun mìíràn. A lè mú ẹ̀rọ náà, a sì lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré yóò gbọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò mọ ohun tó ju ti ẹni tó ń sáré lọ dáadáa. Báyìí ni wọ́n ṣe yanjú ìṣòro tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: wọn kò fipá mú ẹnikẹ́ni wo nǹkan, wọ́n sọ ìtàn di ohun tí a ń ṣa nílẹ̀ fúnra wa.

Àwọn mìíràn gba ara ẹni tí a ń darí wọlé. Nínú Far Cry 2 ti 2008, bí a bá fẹ́ mọ ọ̀nà, ẹni náà yóò fa máàpù yọ, yóò sì fi ọwọ́ mú un níwájú wa nígbà tí ọ̀tá lè máa bọ̀. Ibà máa ń kọ lù ú, ojú rẹ̀ á sì máa ṣú, ó di dandan kí ó lo oògùn. Nínú Metro 2033 ti 2010, tí àwọn ọmọ Yukréènì ṣe, a gbọ́dọ̀ wọ ìbòjú tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ olóró kí a tó jáde láti abẹ́ ilẹ̀ tí a ń gbé bọ́ sókè, gíláàsì rẹ̀ lè sán bí wọ́n bá gbá wa lójú, a ó sì máa gbọ́ èémí ara wa nínú rẹ̀. Ẹ̀rù tí irú èémí bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ ju èyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu lè dá sílẹ̀ lọ.

Mo wá dé orí àwọn ẹ̀dá ìtàn, níbi tí èdè àìyedè ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwòrán tó dán, tó jọ fọ́tò, ló ń mú ẹ̀dá inú géèmù jọ ènìyàn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán ńkọ́? Ó wúlò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú wa gbà pé ènìyàn ni ẹnìkan ni pé ó mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Nígbà tí Valve ń ṣe Half-Life 2, tó jáde ní 2004, wọ́n lo iṣẹ́ Paul Ekman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, tó ti to ìṣesí àwọn iṣan ojú ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó ń gbéra nígbà ìdùnnú àti èyí tó ń gbéra nígbà ìbẹ̀rù. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Alyx Vance. Bí a bá rìn lọ sí òdìkejì yàrá nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á tẹ̀lé wa. Bí bàbá rẹ̀ bá sọ ohun tó dójú tì í, a máa rí i lójú rẹ̀ kó tó fèsì. Gordon kì í fọhùn rárá, Alyx sì fi ṣe àwàdà pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, àmọ́ ó sọ àìlèsọ̀rọ̀ géèmù náà di ìwà ènìyàn kan tí ẹlòmíràn ṣàkíyèsí.

Inú géèmù kan náà ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn tó bá bi mí nípa ọ̀rọ̀ yìí ti wá. A sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú kan tí àwọn agbóguntini ń ṣàkóso. A kò ní ohun ìjà kankan. Bí a ṣe fẹ́ jáde ní ibùdókọ̀, ọlọ́pàá kan tó bo ojú dúró sójú ọ̀nà, ó gbá agolo kan sílẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí a mú un, kí a sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí. Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Bí a bá ṣe é, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí a kọjá. Bí a bá ju agolo náà lù ú, ó fi kóńdó lé wa. Nínú ìṣẹ́jú kan, a ti mọ irú ìjọba tó wà níbẹ̀, a ti mọ ohun tí agbára kékeré ń ṣe fún ẹni tí kò ní láárí, a sì ti mọ irú ẹni tí àwa fúnra wa jẹ́, nítorí àwa la yàn bóyá a ó tẹrí ba tàbí a kò ní í tẹrí ba. Ọlọ́pàá náà kò ní orúkọ, a kò rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó gbá géèmù yẹn tó gbàgbé rẹ̀ kíákíá.

Àwọn ọ̀tá náà lè di ènìyàn lọ́nà tó rọrùn ju bí a ti rò lọ. Nínú F.E.A.R., tó jáde ní 2005, àwọn ọmọ ogun máa ń pe ara wọn, wọ́n ń sọ ibi tí a sá pamọ́ sí, wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn, gbogbo ẹni tó bá wọn jà sì gbà pé wọ́n gbọ́n gidigidi. Jeff Orkin, tó wà lára àwọn tó ṣe ọpọlọ wọn, ṣàlàyé fún àwọn oníṣẹ́ géèmù ní 2006 pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kó ipa ńlá nínú èyí. Bí ọmọ ogun kan bá pariwo pé kí wọ́n rán ènìyàn sí i, kò sí ohun tó ń rán ẹnikẹ́ni wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá pàdé àwọn mìíràn níwájú, ọkàn wa á sọ pé àwọn tó pè náà ló dé. Àwa là ń fi ìdajì ìtàn náà kún un, a kò sì mọ̀.

Ọgbọ́n kan ṣì kù tó le jù, òun ni gbígba páàdì lọ́wọ́ ènìyàn. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé agbára láti rìn àti láti yíjú ni géèmù fi sọ wá di ẹni náà, ó máa ń dun ènìyàn gan-an bí wọ́n bá gba agbára yẹn padà. Call of Duty 4: Modern Warfare, tó jáde ní 2007, bẹ̀rẹ̀ nínú ojú ààrẹ orílẹ̀-èdè kan tí àwọn ológun ti gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jù ú sínú mọ́tò, orí nìkan la lè yí. A ń wo ìlú láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń lé àwọn ènìyàn káàkiri, títí wọ́n fi so ó mọ́ òpó tí wọ́n sì yìnbọn fún un. Ní àárín eré náà, a wà nínú ojú ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí bọ́ǹbù átọ́míìkì ti já hẹlikópítà rẹ̀ lulẹ̀. A ra jáde, a gbìyànjú láti dìde, a rìn díẹ̀, a ṣubú, ó kú. Kò sí bọ́tìnì tó lè gbà á là. BioShock tilẹ̀ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: láti ìgbà tí a ti dé Rapture ni ohùn ọkùnrin kan ti ń bẹ̀ wá pé kí a jọ̀ọ́ ṣe tibí, kí a jọ̀ọ́ ṣe tọ̀hún, àwa sì ń ṣe é bí ẹni tó ń gbá géèmù ti máa ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ó ṣe. Nígbà tó yá ni a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń darí ẹni tí a jẹ́ láìjẹ́ pé ó lè kọ̀. Kò sí ìwé tàbí sinimá tó lè ṣe èyí fún wa bẹ́ẹ̀, nítorí nínú ìwé, kì í ṣe àwa la gbọ́ràn.

Kì í ṣe gbogbo géèmù ìbọn ló kẹ́sẹ járí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń dùn mí jù. Far Cry 2 tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí wọn kò dárúkọ ló ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹwà, iná ń jó koríko bí ó ti yẹ kí ó jó, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tí a bá pàdé lójú ọ̀nà ló ń gbé ìbọn. A kò rí ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti ń dáná, tí ẹnikẹ́ni kò ti ń ná ọjà, ogun tó wà níbẹ̀ kò lè dun ẹni tó ń wò ó bí ó ti yẹ, nítorí kò mọ ohun tí ogun náà bà jẹ́. Half-Life fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọkọ̀ kí ibùdó tó wó. Áfíríkà inú géèmù yìí kò rí ìṣẹ́jú kankan gbà. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣẹ̀dá géèmù lórí kọ̀ǹpútà lè tún èyí ṣe, mo sì ń retí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń da òbí rú, tó sì yẹ kí n yanjú. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbá ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù wọ̀nyí. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní story mode tàbí campaign, tí ẹnìkan ń dá gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin. Èkejì ni èyí tí àwọn ènìyàn ń bá ara wọn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Call of Duty: Mobile, tó jáde ní 2019, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbá lórí fóònù, èkejì yìí ló gbájú mọ́. Níbẹ̀, ìdíje ni, bíi bọ́ọ̀lù, ìtàn rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì yẹ kí a fi ohun tí a rí níbẹ̀ ṣèdájọ́ BioShock. Òbí tó bá fẹ́ mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ ń gbá lè bi í pé, “Ta ni ẹ, kí lo ń wá níbẹ̀?” Bí ó bá jẹ́ géèmù ìtàn ni, ọmọ náà yóò rí èsì fọ̀ fún wọn.

Ní ti ọjọ́ orí, ìtàn tó dára kò sọ ẹ̀jẹ̀ di omi. Half-Life 2 àti BioShock, lẹ́tà M ni àjọ ESRB tó ń díwọ̀n géèmù ní Amẹ́ríkà fún wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé àwọn tó ti pé ọdún 17 ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́tà yìí wà lára páálí rẹ̀, ó sì wà lójú ìwé tí wọ́n ti ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà lè fi hàn yín bí ẹ bá béèrè. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo ń sọ, Half-Life ti 1998 ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti pẹ́ lè gbé e, ẹ sì ti lè mọ bóyá ọ̀rọ̀ mi rí bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fún yín ní ìbọn níbẹ̀.